Ẹ Bi Wá: Kí Ni Ojú Olùbẹ̀wò Ń Wá ní Ṣọ́ọ̀bù àti ní Ọ́fíìsì?

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí àyẹ̀wò ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A ti kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn mìíràn kúrú kí àyè lè gbà wọ́n.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn mí pé kí n máa ṣe àyẹ̀wò ààbò ní ọ́fíìsì wa. Àwa bí ogójì la wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ fi ìwé àyẹ̀wò sílẹ̀ fún mi. Ìbéèrè 50 ló wà nínú rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ló sì kọ síwájú gbogbo wọn láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Olùbẹ̀wò tuntun

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ìwé yẹn gan-an ni àléébù àkọ́kọ́ tí ẹ rí. Ibi tí ogójì ènìyàn ti ń se omi, tí wọ́n ń gbé páálí, tí wọ́n ń gun àkàsọ̀ láti pààrọ̀ gílóòbù, kò lè lo ọdún kan gbáko kí nǹkan kan má yẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà 600 láì kọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí àga ló jókòó sí ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ má lọ yẹ ilé wò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ tán. Ẹ lọ nígbà tí ẹrù ń wọlé, àti nígbà tó bá ku ìdajì wákàtí kí wọ́n ṣíwọ́, torí ìgbà yẹn ló ti rẹ gbogbo ènìyàn tí oníkálukú ń wá ọ̀nà àbùjá. Ẹ jókòó sórí àga tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù. Ẹ dìde níbẹ̀, kí ẹ rin ọ̀nà àsálà títí ẹ ó fi dé ìta gbangba. Ẹ má dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ẹ ní ẹ ti dé. Gbogbo ilẹ̀kùn tó bá wà lójú ọ̀nà, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí i. Irin tí wọ́n ń dì mú lórí àtẹ̀gùn, ẹ mì ín. Iná pàjáwìrì tó ń lo bátìrì, ẹ já iná kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ẹ rí i bóyá yóò tàn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jẹ́ kó tàn fún gbogbo wákàtí tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nítorí bátìrì tó ti gbó a máa tàn yòò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a sì kú pátápátá.

Bí ẹ bá fẹ́ bi òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè, ẹ má bi í pé, "Ṣé ẹ mọ ibi tí ilẹ̀kùn àsálà wà?" Kò sẹ́ni tí ò ní sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi débẹ̀." Bákan náà ni fún ẹ̀rọ. "Tí ìwé bá há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí, ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń yọ ọ́ kí n rí i." Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà lára ẹ̀rọ.

Ohun tó yàtọ̀ láàárín àyẹ̀wò tó ṣe é gbára lé àti èyí tí ò ṣe é gbára lé ni ìbéèrè "kí ló fà á?" Ẹ jẹ́ ká fi páálí tó bo sílíńdà apaná mọ́lẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n kó páálí kúrò lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà dé, páálí tún wà níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú ẹrù. Ó ní páálí 90 ni wọ́n ń já lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yàrá ẹrù ò sì gbà ju 60 lọ. Ibi tó ṣófo nílẹ̀ nìkan ló rí kó 30 tó kù sí. Kò sí bí ẹ ṣe lè bá a wí tó tí yàrá yẹn á fi gba 90. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń béèrè ọjà ni àtúnṣe wà. Kí wọ́n máa já 45 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ àléébù sílẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà gan-an, ẹ kọ ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹ kọ ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ ti parí, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ padà lọ wò ó. "Kí wọ́n tún wáyà ṣe" kò já mọ́ nǹkan kan. "Wáyà tó bó lábẹ́ tábìlì kejì lápá òsì ẹnu ọ̀nà, yọ kúrò lónìí" ni kí ẹ kọ. Nínú àtúnṣe náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ewu yẹn ṣe é mú kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣe é ṣe, ṣé ẹ lè fi ohun tí ò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀? Bí ìyẹn náà ò bá ṣe é ṣe, ẹ fi nǹkan sé e. Òfin lára ògiri àti ìbọ̀wọ́ ló kẹ́yìn, torí àwọn méjèèjì dá lórí kí ènìyàn má gbàgbé lọ́jọ́ kankan.

Sílíńdà apaná mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹnì kan máa ń wá yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a sì lẹ sítíkà tuntun mọ́ wọn. Ṣé ìyẹn ò ti tó? — Máníjà ṣọ́ọ̀bù

Kò tó o. Iṣẹ́ ẹni yẹn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọdún kan jìn. Lóṣooṣù ló yẹ kí ẹnì kan láàárín yín máa fojú àti ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ọ̀kan.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ géèjì. Inú àwọ̀ ewé ló yẹ kó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo píìnì àti okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ó mọ́lẹ̀. Bí okùn yẹn bá ti já, ẹ gbà pé ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́, kódà kí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ewé. Bí ènìyàn bá tẹ sílíńdà onípáódà fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, páódà díẹ̀ a há sí ẹnu fáàfù, fáàfù ò ní lè padé dáadáa mọ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti páódà jáde a sì máa yọ́ jò lọ. Ẹ lè rí abẹ́rẹ́ nínú ewé lónìí, kí sílíńdà náà má lágbára kankan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Torí náà, èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ rán an lọ fún àtúnkún.

Sílíńdà CO2, èyí tó ní ẹnu ńlá dúdú bíi kàkàkí, kò ní géèjì rárá. Òṣùwọ̀n la fi ń mọ bó ṣe wà. Wọ́n ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára rẹ̀. Bí gáàsì inú rẹ̀ bá ti dín ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ó ti di ti àtúnkún. Ẹ tún yẹ ẹnu rọ́bà gbogbo wọn wò, kòkòrò a máa kọ́lé síbẹ̀. Ẹ wo ìdí sílíńdà náà pẹ̀lú, pàápàá èyí tí ẹ gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi omi nulẹ̀. Abẹ́ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú kì í sì í tètè tó o. Ohun tó sàn ni kí ẹ gbé e kọ́ ara ògiri tàbí kí ẹ gbé e lé orí ìdúró rẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà ìjáde, kí ìdìmú èyí tó wúwo má ga ju bíi mítà kan lọ láti ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí irú sílíńdà bá irú ewu tó wà níbẹ̀ mu. Ti omi wà fún igi, ìwé àti aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í pa iná tó ń jó lára ohun tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, tàbí epo tó ń jó. CO2 ló bá kọ̀ǹpútà àti bọ́ọ̀dù iná mu, nítorí kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu dúdú yẹn máa ń tutù nini débi pé ó lè bó ọwọ́ ènìyàn, nínú yàrá kótópó tí wọ́n tì pa sì rèé, gáàsì náà lè gba àyè afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí. Páódà ń pa oríṣiríṣi iná, àmọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá kékeré, ẹ ò ní rí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Sílíńdà tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé kì í tú ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iná tí kò tíì ju agbọ̀n ìdalẹ̀ kan lọ la lè fi í pa. Ẹni tó fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà ìjáde, kí ó yọ píìnì, kí ó dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó máa fì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá tán tí iná ò kú, kí ó jáde, kí ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn.

Olè ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà náà, ọ̀gá wa ní kí a máa fi àgádágodo tì í tọ̀sán-tòru, ọwọ́ máníjà sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Olùbẹ̀wò wá, ó ní kí a ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá bínú gan-an. Ta ló jàre? — Akọ̀wé owó

Olùbẹ̀wò ló jàre, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rù ọ̀gá yín náà kì í ṣe àsọdùn. A ò ní pa ti olè tì.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, iná ṣẹ́ yọ nílé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York. Àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ni wọ́n wà. Lórí àjà kẹsàn-án, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn wà ní títì pa. Ìbẹ̀rù kí òṣìṣẹ́ má jí ọjà ni wọ́n sọ pé ó fà á. Ènìyàn 146 ló kú lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Irú ìdí tí ọ̀gá yín sọ náà nìyẹn.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ máníjà ò wúlò lọ́jọ́ tí máníjà bá jáde lọ jẹun. Èyí tí wọ́n fi sínú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú èéfín, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í rí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni irin gbọọrọ tó dábùú ilẹ̀kùn lápá inú. Ènìyàn á fi ọwọ́ tàbí àyà tì í, ilẹ̀kùn á sì ṣí síta. Láti ìta, kò sí ohun tí olè lè dì mú. Ẹ tún so agogo mọ́ ọn, tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i, yóò ké. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe mọ̀ bí ẹnì kan nínú ilé bá ń gba ẹ̀yìn kó ọjà jáde. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ fi àgádágodo kún un lálẹ́, kí ó kọ́kọ́ dá a lójú pé kò sí ẹnì kan nínú ilé, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ni kó ṣí i kí ẹnikẹ́ni tó jókòó síṣẹ́, kí ó sì kọ orúkọ sílẹ̀ pé òun ti ṣí i.

Bí ẹ ṣe máa dán ilẹ̀kùn náà wò ni pé kí ẹ di ojú, kí ẹ lo ọwọ́ kan, láìsí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kò tíì yege. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti ń rí ilẹ̀kùn tó dára púpọ̀ tí ẹnì kan páàkì mọ́tò tì níta, tàbí tí wọ́n to agolo ìdọ̀tí sí.

Iná sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà ní yàrá ìsinmi wa. A fi ẹsiténṣàn sí i, kẹ́tùlù àti ẹ̀rọ amúlé-gbóná ló wà lórí rẹ̀. Kò tíì já fíúsì rí, ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò ní kí a yọ ọ́. Kí ló dé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kẹ́tùlù 2,200 wáàtì, amúlé-gbóná 1,500 wáàtì, àpapọ̀ rẹ̀ 3,700. Bí agbára iná yín bá jẹ́ 230 fólítì, ẹ fi pín in, ó di bíi ámpíà 16. Púlọ́ọ̀gì oní-13 ni ti ẹsiténṣàn yẹn. Fíúsì tí ò já ló wá ń tàn yín jẹ. Fíúsì oní-13 lè ru 16 fún àkókò gígùn láì já, torí ìkọlù ńlá ló wà fún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara púlọ́ọ̀gì àti wáyà ń gbóná, ike rẹ̀ ń gbó, irin inú rẹ̀ ń dẹ̀. Bó ṣe ń dẹ̀ ló tún ń gbóná sí i.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí omi bá hó tán. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá gbóná débi tí ẹ fi fẹ́ fa ọwọ́ kúrò, tàbí tí ẹ rí àwọ̀ ilẹ̀ lẹ́bàá ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ó ń rùn bí ẹja jíjó, ẹ pa iná ibẹ̀ kí ẹ pe oníná. Ẹrù tó gbóná kì í bá ara wọn gbé lórí ẹsiténṣàn kan. Ẹ jẹ́ kí oníná fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kejì sí i. Ẹ má so ẹsiténṣàn mọ́ ẹsiténṣàn, ẹ má gba wáyà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá wà ní wíwé yí róòlù, ẹ tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó lò ó, torí wáyà tó wé mọ́ra ò rí ibi tú ooru rẹ̀ sí.

Ní bọ́ọ̀dù iná yín, ẹ wá bíréékà tó ní bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ T tàbí TEST sí. Òun ló ń já iná bí iná bá ń gba ara ènìyàn lọ sílẹ̀. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì náà bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ. Bí kò bá já, kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa da bílíìṣì lé oògùn tí a fi ń bó ìpẹtà àwo. Òórùn kan ta á, ó wúkọ́ títí. Ṣé ó kàn ṣèèṣì ni?

Bílíìṣì àti ásíìdì ló pàdé, gáàsì chlorine ni wọ́n bí. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó ń fọ àwo gbé imú sí. Bílíìṣì pẹ̀lú ohun tó ní ammonia burú bákan náà. Omi nìkan la ń po bílíìṣì mọ́. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ó jáde lójú ẹsẹ̀, kí ó má padà wọlé lọ da omi sí i. Bí ìkọ́ tàbí àyà fífún bá ṣì wà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, torí ìṣòro mímí lè yọjú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Nígbà àyẹ̀wò, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ohun ìfọlé. Ike omi mímu tí wọ́n rọ oògùn sí, tí kò sí orúkọ lára rẹ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ tún béèrè ìwé àlàyé ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́ ẹni tó tà wọ́n.

Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, orí máa ń fọ́ mẹ́rin nínú àwa mẹ́fà tó wà ní yàrá wa. Bí a bá délé, ó lọ. Ọ̀gá ní ọ̀lẹ ń ṣe wá. — Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì

Orífífọ́ tó mú mẹ́rin nínú mẹ́fà, ní aago kan náà, nínú yàrá kan náà, tó sì ń lọ bí ẹ bá ti jáde, yàrá yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kò kan ọ̀lẹ rárá, ó sì dùn wá pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi dá yín lóhùn.

Ohun tó léwu jù la ó kọ́kọ́ yọ kúrò. Ṣé jẹnẹrétọ̀ tàbí ohunkóhun tó ń jó epo tàbí gáàsì wà nítòsí? Èéfín wọn ní carbon monoxide nínú, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, orífífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ó sì ń pani. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta gbangba, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ jáde sí afẹ́fẹ́ ná kí ẹ tó máa wádìí. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké bó bá ti gbọ́ gáàsì yẹn.

Bí kò bá sí nǹkan tó ń jó, ẹ wo ẹ̀rọ amúlétutù. Èyí tó kọ́ ara ògiri, tí ìdajì rẹ̀ wà níta, afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń yí po. Kì í mú tuntun wọlé. Ẹ̀yin mẹ́fà ti mí sínú yàrá náà láti àárọ̀ pẹ̀lú fèrèsé ní títì, ó sì di ọ̀sán kó tó hàn lára. Ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wọn CO2, gáàsì tí à ń mí síta, nínú yàrá. Bó bá ń ju 1,000 ppm (ìdá 1,000 nínú mílíọ̀nù kan) lọ nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ tuntun ò tó. Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti àga tí ẹni tí orí ń fọ́ jókòó sí, lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀lẹ kì í yan àga.

Ẹ̀yìn ń dun àwọn tó ń kó ẹrù ní ilé ìtajà wa. Ọ̀gá ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn fún gbogbo wọn. Ṣé ó máa ràn wọ́n lọ́wọ́? — Alábòójútó yàrá ẹrù

A mọ̀ pé inú rere ló fi rà á, ṣùgbọ́n owó yẹn ì bá ti ra ohun mìíràn. NIOSH, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ààbò níbi iṣẹ́, sọ láti 1994 pé àwọn ò dámọ̀ràn bẹ́líìtì fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì farapa. Wọ́n tún ṣèwádìí láàárín òṣìṣẹ́ ilé ìtajà gan-an, èsì rẹ̀ jáde ní 2000, wọn ò rí ẹ̀rí pé ó ń dín ẹ̀yìn dídùn kù.

Ibi tí ẹrù wà ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Ìlànà kan tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ẹrù bá wà lẹ́bàá ara, ní ìbàdí, kílò 25 ni kí ọkùnrin má kọjá láìtíì ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i, obìnrin 16. Bí ẹ bá wá gbé ẹrù kan náà sókè ju èjìká lọ, ó ṣubú sí 10 àti 7. Torí náà, ẹ lọ wo ṣẹ́ẹ̀fù yín. Ohun tó wúwo, tí ẹ sì ń mú lójoojúmọ́, ẹ kó o sí àárín orúnkún àti ìgbáàyà. Ohun fífúyẹ́ ni kó wà lókè. Ẹ ní kí àwọn tó ń kó ọjà wá dín ohun inú páálí kù. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ẹrù síbi tí wọ́n ti ń já a, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ yàrá níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní lọ mú un. Ẹ so ṣẹ́ẹ̀fù gíga mọ́ ògiri, kí ẹ kọ ìwọ̀n tó lè gbà sára rẹ̀.

Àkàsọ̀ tó fara ti ògiri, bí ó bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mítà 1 jìnnà sí ògiri. Ẹni tó bá gun àga onítáyà láti mú ọjà lókè, ẹ béèrè ibi tí àkàsọ̀ wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló wà.

Wolé-wolé ìjọba wọlé láì sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? Ṣé a lè mọ ẹni tó lọ fẹjọ́ wa sùn?

Ó lẹ́tọ̀ọ́. Àdéhùn 81 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, tí wọ́n ṣe ní 1947, sọ pé olùbẹ̀wò tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lè wọ ibi iṣẹ́ tó wà lábẹ́ àyẹ̀wò láì kọ́kọ́ sọ, lọ́sàn-án tàbí lóru. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé àṣẹ rẹ̀. Àdéhùn kan náà ló sọ pé kò gbọ́dọ̀ tú ẹni tó fẹjọ́ sùn, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé ẹjọ́ ló gbé òun wá. Torí náà, ẹ má wá ẹni náà. Wíwá a ló máa ń pa ẹnu àwọn yòókù mọ́.

Ẹ bá a rìn, kí ẹ máa kọ ohun tó ń sọ. Bí ó bá fẹ́ bá òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ó tó lọ, ẹ bi í léèrè èyí tó jẹ́ àtúnṣe pẹ̀lú ọjọ́, àti èyí tó ní kí ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ má lo ẹ̀rọ kan mọ́, ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ fi páálí kọ ọ́ sára rẹ̀ kí ẹni tó máa dé ní ìrọ̀lẹ́ má baà tan án.

Ẹnì kan yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù lẹ́nu ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n kò ṣubú. Ṣé ó yẹ kí a kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Kò kúkú sẹ́ni tó farapa. — Agbowó ní ṣọ́ọ̀bù

Ó yẹ o, kódà òun gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ jù, torí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, wọ́n rí i pé ilé Rana Plaza ní Bangladesh ti sán. Báńkì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé náà ti ilẹ̀kùn wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà lókè ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn padà wá ní ọjọ́ kejì. Ilé náà wó láàárọ̀ ọjọ́ 24, ènìyàn 1,134 ló sì kú. Gbogbo wọn ló rí ohun kan náà. Àwọn kan ló lágbára láti sọ pé àwọn ò ní wọlé.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín nísinsin yìí ẹni tó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró bí òun kò bá sí nílé, kí ó sì jẹ́ ẹni tí wọn kò ní bá wí bí ó bá wá jẹ́ pé kò sí ewu níbẹ̀.

Ti ẹnu ọ̀nà yín, ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀, ibi tí omi ti wá, irú bàtà tó wọ̀, àti bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀. Bóyá òjò ló bá bàtà àwọn oníbàárà wọlé torí ẹní ẹnu ọ̀nà kéré jù. Ó lè jẹ́ amúlétutù ló ń jò láti òkè. Ó sì lè jẹ́ pé pátákó "ilẹ̀ tutù" ti wà lójú kan láti oṣù mẹ́ta, ojú kò rí i mọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó gbẹ.